Wákàtí Ta Ni Mò Ń Kà?

Ìwé kan wà lára ògiri yàrá mi níbí, ní Amẹ́ríkà. Rúlà ni mo fi pín in sí ọdún mẹ́fà. Ọdún kìíní àti ìkejì, kíláàsì àti iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì. Ọdún kẹta, ìdánwò ńlá. Ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ìwé àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé. Ọdún kẹfà, internship: ọdún kan gbáko tí akẹ́kọ̀ọ́ clinical psychology (ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọkàn àti ìrònú) bíi tèmi yóò fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú mìíràn kí oyè ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Màmá mi rí ìwé náà lórí fóònù láti Abẹ́òkúta. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àyè Ọlọ́run dà nínú gbogbo èyí?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí onígbàgbọ́ lèmi náà. Ìtàn tí àwọn babaláwo máa ń sọ ni mo fi dá wọn lóhùn: àwọn orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn wọn kò sì ṣẹ. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé orí mi ló gbé mi débí. Ìwé yìí ni ẹsẹ̀ mi, Mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n súre fún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ internship gbọ́dọ̀ ka wákàtí. Ọ̀tọ̀ ni wákàtí tó fi tọ́jú èèyàn, ọ̀tọ̀ ni èyí tó fi ṣe àyẹ̀wò, ọ̀tọ̀ ni èyí tó fi jókòó ti alábòójútó rẹ̀. Nǹkan bí oṣù kọkànlá la ń fìwé sílẹ̀. Oṣù kejì la ń mọ ibi tí wọ́n mú wa. Nítorí náà, ní alaalẹ́, mo máa ń kọ iye tèmi sílẹ̀.

Ní èṣí, bàbá kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Oorun ti dá lójú wọn. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ìṣẹ́gun kan, wọn kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọn kò wá. Kí n tó bi ara mi léèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà, mo ti ṣírò wákàtí méjì tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àyà mi já. Ṣé ìbànújẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni mo wá fi ń ṣe àkàbà?

Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ kò ní mọ aṣọ rán láìgé aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ kì í sunkún. Bí a kò bá sì ka wákàtí, ta ni yóò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó iṣẹ́? Ní 1949, nígbà tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí pàdé ní Boulder, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n fẹnu kò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ di olùwádìí, kó sì di olùtọ́jú. Ìdí nìyí tí ẹrù wa fi wúwo. A kò gbọ́dọ̀ fi àbá tọ́jú ọmọ èèyàn.

Ọsibítù àìsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, nílé wa ní Abẹ́òkúta, ló là mí lójú. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí aláìsàn a máa bá a gbé ibẹ̀, a máa dáná fún un, a sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn onílé ń gba owó yàrá. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà sílé ń jókòó láàárín wọn bí èèyàn, wọ́n ń kí i láàárọ̀, ó ń dá wọn lóhùn. Èrè wà níbẹ̀, oore sì wà níbẹ̀. Èrè nìkan kò lè ba oore jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ojú wa má rí ohun mìíràn mọ́.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó mi, mo sì pe bàbá náà. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Wọ́n ní, "N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa fura pé n kò wá."

Ìwé náà ṣì wà lára ògiri. N kò pa ìlà kankan rẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́, kí n tó kọ iye wákàtí, mo máa ń pe orúkọ gbogbo ẹni tí mo jókòó tì lọ́jọ́ náà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí àdúrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń kọ iye. Àyè tí màmá mi ń béèrè, ibẹ̀ ni mo rí i, láàárín orúkọ àti òǹkà.