Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Ìkọ̀sílẹ̀ àti Pínpín Dúkìá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ọjọ́ tí ọkọ àti aya bá kọ ara wọn sílẹ̀ ni òwe méjèèjì yìí máa ń fẹ́ bá ara wọn jà. Èwo nínú wọn ni kí adájọ́ tẹ̀ lé?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òwe kejì ni àṣà tì lẹ́yìn. Ohun tí obìnrin bá fi òwò rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni. Ohun tí ọkùnrin bá ní, tirẹ̀ ni, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá tú, a ó dá owó ìdána padà, obìnrin yóò kó ẹrù rẹ̀, ó parí. Ètò yìí ní iyì tirẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí ọkọ fọwọ́ kan èrè ọjà ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan ń fi owó oṣù rẹ̀ kọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà, ó ń se oúnjẹ fún wọn. Èrè gàrí tí ó ń tà ni gbogbo ilé ń jẹ, kí owó oṣù ọkọ lè di búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n tú ká. Orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lára ìwé ilẹ̀ àti gbogbo rìsíìtì. Ta ni ó ni ilé náà?

Òfin tí ìjọba ológun ṣe lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó ní 1970 fi àyè ìdáhùn sílẹ̀. Abala 70 fún ilé ẹjọ́ gíga ní agbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọkọ tàbí aya, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ohun ìní wọn, agbára iṣẹ́ wọn àti ìwà wọn. Abala 71 ní ire ọmọ ni kí ó ṣíwájú. Abala 72 ní kí a ṣètò dúkìá bí ó bá ti tọ́ tí ó sì yẹ. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó ti kù díẹ̀ káàtó. Abala 69 yọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe. Ní ti àwọn tí òfin náà kàn, lọ́pọ̀ ìgbà ni ilé ẹjọ́ ti béèrè ẹ̀rí owó lọ́wọ́ wọn. Omi pípọn kò sì ní rìsíìtì.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ojúṣe aya ni ó ṣe, àti pé ìfẹ́ kì í gba owó ọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ owó ọ̀yà. Ẹni tí a jọ gbin igi, tí a kò jẹ́ kí ó jẹ nínú èso rẹ̀, a rẹ́ ẹ jẹ ni, ìbáà jẹ́ ìfẹ́ ni ó fi bomi rin ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ẹbí, tàbí ilé tí ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ kí wọ́n tó pàdé, kò sí lára ohun tí a ń pín. Nípa báyìí, òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn mọ́: ààlà wà fún ohun tí olúkúlùkù mú wá, nínú ohun tí wọ́n jọ ṣe, ewé ti di ọṣẹ.

A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wo bí a ti pín in, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti kọ́ ohun tí òdodo jẹ́.