Ṣé Bí Oògùn Bá Ṣe Le Tó Ló Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Tó?

Ẹ bá wa wò ó. Láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n, bí ara ẹnìkan ò bá yá tí dókítà sì fún un ní hóró oògùn mẹ́ta péré, inú rẹ̀ kì í dùn. Abẹ́rẹ́ ló ń retí. Àgbo tó korò bí ewúro la máa ń sọ pé ó múná. Ó ti wọ̀ wá lára pé oògùn tí kò bá jẹ ni níyà, kò lágbára. Àmọ́ àwọn àgbà wa náà ló ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èwo gan-an ni ká wá mú?

Fún àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fà á, èyí kan náà tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìtọ́jú rẹ̀ le: ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ méje, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70 Gray, pẹ̀lú oògùn cisplatin tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Ó ń pa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ itọ́ lẹ́nu, ó lè di etí, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè sọ òkèlè iyán di ohun tí èèyàn ń fojú wò lásán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tí HPV fa tiwọn sábà máa ń yè ju àwọn tí sìgá fa tiwọn lọ. Ẹni tó máa pẹ́ láyé ló máa pẹ́ nínú ìyà náà. Làwọn oníṣègùn bá bi ara wọn pé: ṣé a ò lè dín in kù ni?

Wọ́n dán an wò. Nínú ìwádìí De-ESCALaTE HPV, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, èèyàn 334 ló kópa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Netherlands. Wọ́n fún àwọn kan ní cisplatin, wọ́n fún àwọn yòókù ní cetuximab, tí wọ́n rò pé yóò rọ ara lọ́rùn. Lẹ́yìn ọdún 2, 97.5 nínú 100 àwọn tó gba cisplatin ló wà láàyè, 89.4 ni ti cetuximab. Ìyà tí wọ́n sì fẹ́ dín kù, kò dín kù. Àmọ́ ìwádìí mìíràn yọrí sí rere: nínú E3311 ní Amẹ́ríkà, wọ́n dín ìtànṣán kù láti 60 Gray sí 50 fún àwọn kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, nǹkan bíi 95 nínú 100 wọn ni àrùn náà kò sì padà sí lára láàárín ọdún 2.

Ṣé ó wá tọ́ láti fún èèyàn ní èyí tó rọ̀, nígbà tí èyí tó le ń ṣiṣẹ́? Èrò tiwa ni pé ó tọ́, bí iyèméjì bá jẹ́ òtítọ́. Ká ní wọn ò dán cetuximab wò, tí dókítà kọ̀ọ̀kan kàn ń fún èèyàn nítorí àánú, àánú yẹn ni ìbá máa pa wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ribavirin wo ibà Lassa. Ní 2024, ìwádìí INTEGRATE bẹ̀rẹ̀ ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, láti fi favipiravir wé e. Lílò tí a ti ń lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sọ pé òun ló dára jù.

Àmọ́ a ò gbàgbé Kano 1996. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá máa gbé ewu ní láti mọ̀ pé ewu ni, kó sì lè sọ pé "mi ò ṣe mọ́" láìpàdánù ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Lọ́dọ̀ wa, owó ló sábà máa ń dín ìtọ́jú kù. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán, owó á tán, á padà sílé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ìtọ́jú tó rọ̀. Ẹni tí wọ́n dín tiẹ̀ kù nínú ìwádìí ní dókítà tó ń ṣọ́ ọ; ẹni tí òṣì dín tiẹ̀ kù, ta ló ń ṣọ́ ọ? Kí ìjọba tó bá wa sọ̀rọ̀ dídín-kù, kí odidi kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ná.

Èyí tó rọ̀ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò obìnrin nílé, ṣé ó ti gbà á?