Ǹjẹ́ Ẹni tí A Fún Lọ́fẹ̀ẹ́ Lè Ráhùn?

Bí ẹnì kan bá fún wa ní ohun kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, tí ó wá yí ohun náà padà lẹ́yìn tí ó ti mọ́ wa lára, ǹjẹ́ a ní ẹnu láti fi ráhùn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíákíá pé a kò ní, nítorí ọwọ́ tí ń fúnni ni í lékè. Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ojú-iṣẹ́ Linux ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Linux gan-an ni ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà lábẹ́lẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki nígbà náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ojú-iṣẹ́ ni èyí tí ènìyàn ń rí: fèrèsé tí ń ṣí, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀. Ó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. A lè wó o kí a tún un kọ́ láì fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Ọ̀kan kọ́ ni ó wà. KDE bẹ̀rẹ̀ ní 1996, GNOME ní 1997.

Ní oṣù Kẹrin 2011, àwọn tí ń ṣe GNOME gbé ẹ̀yà kẹta jáde. Àkójọ ètò tí ó máa ń wà ní igun òkè kò sí mọ́. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ tí ń fi àwọn fèrèsé tí ó ṣí hàn ti lọ. Bọ́tìnnì tí a fi ń gbé fèrèsé pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ pàápàá ti lọ. Ariwo sọ. Torvalds fúnra rẹ̀ ráhùn, ó sì kó lọ sí Xfce. Ẹnì kan ní Ajẹntínà mú GNOME àtijọ́, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé kan tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì nílẹ̀ wọn. Kí àwọn ètò àtijọ́ má baà kọlu ti tuntun, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ mìíràn: Nautilus di Caja, gedit di Pluma. Àwa tí ń kọ́ èdè yóò gbádùn èyí: àpótí ni caja lédè Sípéènì, ìyẹ́ tí a fi ń kọ̀wé ni pluma.

Láìpẹ́ yìí mo fi COSMIC sí orí kọ̀ǹpútà mi láti dán an wò. Ilé-iṣẹ́ System76 ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, wọ́n sì gbé ẹ̀yà àkọ́kọ́ tí ó parí jáde ní oṣù Kejìlá 2025. Ó dára. Ó lè to àwọn fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní kún yàrá tí ọ̀kan kò gun orí èkejì. Síbẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta ni ọwọ́ mi fi ń lọ síbi tí bọ́tìnnì àtijọ́ wà. N kò ráhùn, nítorí GNOME mi ṣì wà níbẹ̀; nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ wọlé, èmi ni mo ń yan èyí tí n ó lò. Irú ìrọ̀rùn yìí ni àwọn ènìyàn kò rí ní 2011.

Àwọn kan yóò ní ìwé àṣẹ GPL ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ náà, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn, kí ó ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni, ará Ajẹntínà yẹn sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mú ọkọ́ rí ńkọ́, tí a nawọ́ igbó sí pé kí ó lọ dáko? Wọn a tún máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí àwọn ará ààfin sùn lálẹ́ ọjọ́ tí iná jó.

Èmi kò wí pé ẹni tí ń fúnni di ẹrú ẹni tí ń gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni kò gba owó oṣù lórí rẹ̀, ìwà àbùkù sì ni òjò èébú tí àwọn kan rọ̀ lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ènìyàn pé kí ó wá sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ òun, ó yẹ kí ó kéde kí ó tó wó o, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi kó ẹrù rẹ̀.

MATE ṣì wà títí di òní. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà sì ń fúnni. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n lọ́la, ta ni a ó ráhùn sí?