Ẹni Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Láwùjọ

Nílẹ̀ wa, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹnu ni a kọ́kọ́ fi ń mọ ọmọ tí a kọ́. Ṣé ó mọ ènìyàn kí? Ṣé ó ń dáhùn bí àgbà bá pè é? Ọmọ tí ó bá kí ènìyàn tán, tí ó sì padà lọ jókòó ní kọ̀rọ̀, kì í pẹ́ gba orúkọ: àwọn kan á ní ìgbéraga ni, àwọn mìíràn á bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣe é. A kò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ènìyàn ni aṣọ wa. Bí ẹnì kan bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń gbé wa lọ́kàn láti ìgbà tí a ti ń gba àròkọ àwọn ọ̀dọ́ fún ìwé ìròyìn yìí. Àwọn tí ohùn wọn ń mi ilé nípàdé a máa ṣèlérí ojú ewé mẹ́wàá. Oṣù mẹ́ta á kọjá, a kò ní rí ju ìkíni àti ìdúpẹ́ lọ. (Àwa tí a ń kọ èyí ti wà lára wọn rí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú.) Àwọn adákẹ́ ni ó máa ń mú iṣẹ́ wá. Adákẹ́ tí à ń wí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ènìyàn ń bà, kì í sì ṣe ẹni tí ó kórìíra ọmọ aráyé. Ẹni tí ó máa ń rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò nígbà tí ó bá dá wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú irú wọn. Ní ìlú Amherst, ní Amẹ́ríkà, ni a bí Emily Dickinson ní 1830. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní 1886. Nígbà tí ó dàgbà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ mọ́, àlejò mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ká ní àdúgbò wa ni, à bá ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Síbẹ̀, ewì tí ó kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1800, lẹ́tà rẹ̀ sí ará àti ọ̀rẹ́ tí ó ṣì wà dòní sì lé ní 1000. Ta ni nínú àwa alárìíyá ni ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó wù wá jù. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, ó máa ń fi àmì kékeré kan sí ara ọ̀rọ̀, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè rọ́pò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn kò yan ọ̀kankan, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni. Ẹni tí ó dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ kò ráyè wo ẹyin náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ojú ń wò ó, dandan ni kí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Adákẹ́ lè dì í mú, kí ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Etí náà ńkọ́? Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1890, kò sá fún ènìyàn: olùkọ́ ni, ó sì ṣe òṣèlú. Ṣùgbọ́n kí Doguicimi, ìtàn àròsọ rẹ̀ nípa ayé ìgbà Ọba Guézo, tó jáde ní 1938, ó ti jókòó ti àwọn àgbà Abomey fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹni tí ó bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Sùúrù tí Hazoumé ní láti kọ́, àwọn kan wà tí a bí i mọ́.

Ibi tí ó ti le nìyí. Nínú gbogbo ewì Dickinson, bíi mẹ́wàá péré ni a tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Lavinia, àbúrò rẹ̀ obìnrin, rí àwọn ìwé kéékèèké tí ó ti fi abẹ́rẹ́ òun òwú rán pọ̀. Lavinia ti jó àwọn lẹ́tà tí àwọn ènìyàn kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí fún un. Bí ó bá jó àwọn ewì náà mọ́ ọn ńkọ́? Àwọn kan nínú wa ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀: ẹni tí ó gbin iṣu rẹ̀ lè jẹ́ kí ó jẹrà sínú ilẹ̀. Àwa tí ó kù kò gbà. Èdè tí òǹkọ̀wé ń lò, ẹnu ènìyàn ni ó ti gbà á. Àdánù náà ì bá sì dun èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí ó jẹ́ pé Faransé ni ọmọ wa fi ń kàwé, ìwé kan ṣoṣo tí ó bá kù sínú àpótí lè jẹ́ ìtàn odindi àdúgbò.

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá sí ìpàdé wa fún ọdún méjì, ẹ̀bá fèrèsé ni ó máa ń jókòó, kò gba gbohùngbohùn rí. Lọ́jọ́ kan ó fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sórí tábìlì, ó sì ti lọ kí a tó ṣí i. Orúkọ àwọn odò àti oko tí ó wà lójú ọ̀nà abúlé ìyá ìyá rẹ̀ sí ọjà Kétu ni, bí ìyá àgbà náà ti ń pè wọ́n. Òmíràn wà níbẹ̀ tí àgbà jùlọ nínú wa kò rántí mọ́. A ní kí ó wá kà á, ó mi orí. Ẹlòmíràn ni ó bá a kà á. Nígbà tí àtẹ́wọ́ dákẹ́, ọmọ náà sún mọ́ ẹni tí ó kà á, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé orúkọ odò kẹta, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí rẹ̀, kì í ṣe ti òkè.