Bí Ìrántí Bá Lọ, Ẹ̀tọ́ Kì Í Bá A Lọ

Ibi tí a ti ń mọ ọmọlúàbí dájú ni ibi tí kò sí ẹni tó lè bi í léèrè. Bí a bá jẹ ẹni tí iyè rẹ̀ pé ní gbèsè, yóò béèrè owó rẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ fẹ́ san án, ìtìjú tàbí ẹ̀rù ẹjọ́ lè mú kí a san án. Ṣùgbọ́n àgbà tí iyè rẹ̀ ti ra, tí kò mọ oṣù tí a wà, tí kò rántí pé òun gbowó lánàá, ta ni yóò bá a ṣọ́ owó rẹ̀? Ìwà nìkan ni. Ohun tí mo sì ń wí ni pé ìwà yìí di dandan fún ẹbí àti fún ìjọba bákan náà.

Ẹ wo irú ilé tó wọ́pọ̀ ní Òrò-Àgọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwárà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìyá ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ oko títí ó fi darúgbó. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká, àwọn kan ní Ìlọrin, àwọn kan ní Èkó, àwọn mìíràn ní ìlú òyìnbó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù nílé. Nígbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà bọ̀ láti oko, tó ń gbé iṣu kaná tó sì ń gbàgbé rẹ̀, àwọn kan ní ó ń ṣarán ni, àwọn mìíràn ní àjẹ́ ni. Kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni, òun ni àwọn dókítà ń pè ní dementia. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bá àwọn onímọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ láti ṣèwádìí rẹ̀ ní àdúgbò Ìdíkàn. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé ẹni ọdún 65, nǹkan bí 13 ni àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 32 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Àìsàn yìí ń jẹ owó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, ó ná ayé ní tírílíọ̀nù dọ́là kan ó lé díẹ̀, àti pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ làálàá ẹbí tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀. Obìnrin ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí ìyá wà nínú ìṣirò náà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Níbòmíràn, bí àpẹẹrẹ ní England àti Wales, àgbà tó bá nílò ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ sí owó tí wọ́n ń pè ní Attendance Allowance, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ lè béèrè fún Carer's Allowance, bí owó tó ń rí níbi iṣẹ́ kò bá kọjá ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Òfin ló gbé owó wọ̀nyí ró.

Nílé ńkọ́? Kò sí owó kan tí Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn yìí. Ìpínlẹ̀ Kwárà ní ètò Owó Arúgbó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6,000 náírà fún àwọn àgbà tí kò ní. Ní Èkìtì tó múlé tì wá, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Mo yin àwọn tó dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, owó tí gómìnà kan fi lélẹ̀ tí òmíràn lè gbé kúrò kò tíì di ẹ̀tọ́. Ẹni tí iyè rẹ̀ ra kò lè tò sórí ìlà, kò lè rántí nọ́ńbà káàdì rẹ̀, kò sì lè lọ fẹ̀hónú hàn bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀. Ìjọba tó bá ń dúró dìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fúnra rẹ̀ ti fi owó rẹ̀ dù ú.

Àwọn kan yóò ní ẹbí ló ni àgbà, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò ní ọmú tí yóò fún ìyá mu. Bí ìjọba bá ran olùtọ́jú lọ́wọ́, kò gba iṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ọmọ. Ó fún un lágbára láti ṣe é ni.

Àwa ọmọ náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Ẹni tó ń mú káàdì báǹkì ìyá lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ṣé ó ń kọ iye tó gbà àti ohun tó fi rà sílẹ̀? Ṣé ẹlòmíràn nínú ẹbí ń yẹ ìwé náà wò? Owó ìfẹ̀yìntì ìyá, ṣé oògùn, oúnjẹ àti aṣọ ìyá ló ń bá lọ, àbí owó ilé ìwé ọmọ wa? Ọmọ tó wà lókè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun tó ń jí lóru láti pààrọ̀ aṣọ ìyá ní ẹ̀tọ́ sí owó tirẹ̀, láì tọrọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọlúàbí kì í gbowó lórí ìyá rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí ni kì í jẹ́ kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan di tálákà nítorí ìyá tó bí gbogbo wọn.

Àwọn àgbà wí pé amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Kí ẹbí kọ́kọ́ ṣe ìṣirò owó ìyá bí ẹni pé yóò béèrè lọ́la. Nígbà náà ni ẹnu wa yóò gbà á láti sọ fún ìjọba, ní Ìlọrin àti ní Àbújá, pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi òfin dè é.