Ta Ló Lè Sọ Pé “Rárá” Fún Ẹ?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó máa ń yà mí lẹ́nu: dá dúró. Tí wọ́n bá ní lágbájá ti dá dúró, ó lè jẹ́ pé ó ti kúrò lábẹ́ ẹnikẹ́ni, ó ti ń ṣe tiẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ló dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a dúró. Òmìnira àti ìdáwà wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé ó wá di dandan kí ẹni tó bá fẹ́ àkọ́kọ́ gba ìkejì mọ́ ọn ni?

Fún àwa tí à ń gbé ní Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ọ̀pọ̀ wa sá kúrò l'Ékòó nítorí owó ilé àti wàhálà onílé. A fẹ́ ilẹ̀ tiwa, ilé tiwa, géètì tiwa. Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti ilé, mo lè lo ọjọ́ márùn-ún láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó dùn o, irọ́ kọ́. Àmọ́ eré onítàn kan wà tí kì í jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ tán.

Ẹ rántí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán. Ó lówó, ó ní oko, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú níbi tó ti ń rọbí. Ló bá ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọ́dọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọ́dọ̀ fún obìnrin lóyún. Ikú ni ìyà rẹ̀. Adétutù lóyún, wọ́n sì pa á.

Tó bá jẹ́ pé ohun tí à ń pè ní òmìnira ni kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé “rárá” fún wa, kò sẹ́ni tó lómìnira tó Ẹfúnṣetán. Àmọ́ ẹ wo ilé rẹ̀ dáadáa. Èrò kún inú ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ létí pé, “Ìyálóde, ọ̀fọ̀ ọmọ yín ló ń ṣòfin yìí, kì í ṣe ẹ̀yin.” Ẹni tó bá ti sọ ayé di “bẹ́ẹ̀ ni” nìkan, ohùn ara rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́. Ìdáwà láàárín èrò nìyẹn. Nígbà tí Látòósà àtàwọn ìjòyè dìde sí i, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Májèlé ló gbé mu. (Àwọn òpìtàn rí ọwọ́ òṣèlú nínú ikú Ẹfúnṣetán gidi ní 1874, àmọ́ ti inú eré là ń sọ.)

Ẹ wá wo Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba ológun jù ú sí àhámọ́ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó di 1969 kó tó jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn, òun nìkan ni wọ́n tì mọ́ yàrá kan ní ẹ̀wọ̀n Kàdúná. Ó ń kọ̀wé sórí bébà ilé ìgbẹ́ àti sáàárín ìlà àwọn ìwé tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ewì inú A Shuttle in the Crypt, tó jáde ní 1972, ti ṣẹ̀ wá. Nínú ìwé yẹn, ó pe Joseph, Hamlet, Gulliver àti Ulysses jọ bí ẹni pé alábàágbé rẹ̀ ni wọ́n. Ó tún kọ ewì nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń mú lọ yẹgi fún. Ìjọba ti ilẹ̀kùn, àmọ́ wọn ò lè ti àwọn èèyàn mọ́ ìta ọkàn rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní àfiwé yìí ò bára mu: Ẹfúnṣetán lè jáde nígbà tó bá wù ú, Ṣóyínká ò lè jáde. Òótọ́ ni. N ò sọ pé ẹ̀wọ̀n dára. Àwọn tó tì í mọ́lé mọ̀ pé ìdáwà gan-an jẹ́ ìyà, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi jẹ ẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyà tí ìjọba ní láti fipá fi jẹ ènìyàn, ọ̀pọ̀ wa ń fowó ara wa rà á, a tún ń mọ fẹ́ǹsì yí i ká.

Níbi iṣẹ́ wa, kóòdù tí mo bá kọ kì í jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń káni lára nígbà míì, àmọ́ kì í ṣe ẹrú ló sọ mí dà. Ládùúgbò náà, èèyàn lè ní ilé tiẹ̀, ṣùgbọ́n tí tiransifọ́mà bá bàjẹ́, ìpàdé ló máa lọ, á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ò wù ú níbẹ̀.

Ní tèmi o, kì í ṣe àìsí èèyàn lọ́rùn ẹni ni òmìnira. Òmìnira ni pé kó jẹ́ èmi fúnra mi ni mo yan àwọn tó lè bá mi wí. Torí náà, kí ẹ tó ti géètì lálẹ́ òní, ẹ ka orúkọ wọn: mélòó ló lè sọ pé “rárá” fún yín, tí ẹ ó sì tún jọ jẹun lọ́la?