Ẹni Tí Ó Kù Díẹ̀ Kí Ó Jìn Sí Kòtò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó jìn ńkọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan etí kòtò, tí ó sì yọ, ǹjẹ́ òun náà jẹ ará yòókù ní gbèsè ẹ̀kọ́, àbí kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Ìbéèrè yìí le púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, nítorí pé ẹni tí ó ṣàṣìṣe lè má sí nítòsí lọ́jọ́ tí òrùlé bá já lu ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 1977 ni a parí ilé alájà 59 kan ní ìlú New York, èyí tí a ń pè ní Citicorp Center nígbà náà. Àwọn òpó ńláńlá tí ó gbé e ró kò sí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wà. William LeMessurier ni ẹnjiníà tí ó ṣètò egungun irin rẹ̀. Ní 1978, ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan nípa àwọn òpó wọ̀nyí mú un padà sídìí ìṣirò rẹ̀. Ó wá rí i pé ìjì tí ó bá fẹ́ lu igun ilé náà léwu ju èyí tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé bóòtù ni a fi so àwọn irin tí ó yẹ kí a jó pọ̀. Ó lè dákẹ́, kò dákẹ́. Ó sọ fún àwọn onílé, àwọn jórinjórin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òru ṣiṣẹ́, wọ́n ń jó irin pẹlẹbẹ nínípọn mọ́ àwọn oríkèé tí ó lé ní 200. Ilé náà dúró títí di òní.

Ìyìn tọ́ sí ẹni tí ó rí àṣìṣe ara rẹ̀ tí ó sì jẹ́wọ́. Síbẹ̀, ìyìn náà lábùkù, nítorí pé a fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn ará ìlú títí di 1995. Àwọn tí ń gbé lábẹ́ òjìji ilé náà kò mọ ewu tí ó wà lórí wọn. Àwọn ẹnjiníà mìíràn pẹ̀lú kò rí ẹ̀kọ́ náà kọ́ fún ọdún 17. A lè wí pé ìjáyà ni a ń sá fún, àti pé orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ. Àwáwí yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe lè pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ojú sì lè tì í láàárín ẹgbẹ́. Bí ìlú bá ń fi pàṣán na ẹni tí ó sọ òótọ́, ta ni yóò tún sọ ọ́?

Nítorí èyí ni a ṣe dá ètò kan tí ń jẹ́ CROSS sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àléébù lára ilé, tàbí jàǹbá tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀, a kọ̀wé sí wọn. Wọn a yọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé náà kúrò, wọn a sì tẹ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn. Báyìí ni a ya ẹ̀kọ́ kúrò lára ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà níbẹ̀. A lè bo orúkọ. A kò gbọdọ̀ bo ewu. Bí ilé bá fẹ́ wó lónìí, ẹ̀tọ́ àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ lónìí, ojú ẹnikẹ́ni ì báà tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, Èkó; ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2024, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wó ní ìlú Jos, ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní ogún. Olùkọ́ kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń wo ògiri kan náà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Òun ni ó ń rí ibi tí ògiri sán tí ó ń fẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì mọ́, àjà tí ń da ekuru sí àwọn ọmọ lórí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ kan bá sì wí pé ògiri ń dún, kí a má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mú ẹnjiníà ńlá padà sídìí ìwé rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù tí ó já láìpa ẹnikẹ́ni lára, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe oríire lásán. Ọpẹ́ ẹni tí ó yọ kò tíì pé, àfi bí ó bá fi igi sàmì sí etí kòtò náà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.